Ibo Ni Kí N Gbójú Sí? Ìtọ́sọ́nà Lórí Ohun Tí Ara Wa Ń Sọ Nílẹ̀ Àjèjì

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí léraléra. Ẹni tó ń lọ kàwé ní Leeds bi mí, ìyá tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Houston bi mí, oníṣòwò tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou náà bi mí: "Mo gbọ́ èdè wọn, mo sì ń sọ ọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń wò mí bákan?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹnu yín ń sọ ọ̀rọ̀ kan, ara yín ń sọ òmíràn, ti ara ni wọ́n sì ń gbà gbọ́.

Àwa náà kúkú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyá á kàn ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ á rọra gbé àwo ẹran sílẹ̀, àlejò ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà kò lè kà á, bẹ́ẹ̀ làwa náà kò lè ka tiwọn àfi tí a bá kọ́ ọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìwà tí wọ́n fi kọ́ yín nílé kò burú, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dójú tì yín. Ẹni tó ń lọ síbi òtútù kì í dáná sun agbádá rẹ̀. Á ká a sínú àpótí, á wọ kóòtù, ọjọ́ tí ayẹyẹ bá dé, á tú u. Ibi tó yẹ kí ẹ ti ká a, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti tú u, ni mo fẹ́ fi hàn yín.

## Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọ́ ti àjèjì láì tíì mọ tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí:

1. Ẹ ní kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, níbi tí ẹ ti ń bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ nílé.
2. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wá wò ó. Ibi tí ojú yín ń lọ, ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ríba, gbogbo rẹ̀ lẹ máa rí.
3. Ẹ kọ ohun tí ara yín ṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: yínmú, pòṣé, fọwọ́ lẹ́rán, káwọ́ lérí, káwọ́ sẹ́yìn, ta ìka yí orí ká.
4. Ẹ wá ẹnì kan tó ti gbé ìlú tí ẹ ń lọ fún bí ọdún méjì, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un. Ẹ bi í pé, "Tí mo bá ṣe báyìí níbẹ̀, kí ni wọ́n máa rò?"
5. Ẹ mú mẹ́ta péré nínú rẹ̀ tí ẹ máa tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà á kàn le gbagidi bí igi ni, wọ́n á sì tún ka ìyẹn náà sí nǹkan mìíràn.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ kìíní. Gbogbo ẹni tó sọ fún mi pé òun mọ bí òun ṣe ń ṣe ló yà lẹ́nu nígbà tó wo fídíò tirẹ̀.

## Ojú: ibẹ̀ la ti ń pàdánù jù

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé London, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan. Mo ti há gbogbo ìdáhùn sórí. Kò sí tábìlì láàárín èmi àti obìnrin tó ń bi mí ní ìbéèrè, ó sì tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Bó bá ti bi mí, ilẹ̀ ni mò ń wò. Bàtà rẹ̀ dúdú, awọ rẹ̀ ti bó díẹ̀ níwájú, lápá ọ̀tún. Títí di òní mo lè ṣàpèjúwe bàtà yẹn fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bí ojú obìnrin náà ṣe rí. Wọn ò gbà mí. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé ìdáhùn mi dára, ṣùgbọ́n kò jọ pé ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ dá mi lójú. Ó dùn mí wọra, torí pé látìgbà tí mo ti wọ yàrá yẹn ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un.

Nílé, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí wọ́n ń bá a wí, a ó ní ọ̀yájú ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà, ẹni tó gbójú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè ni wọ́n ń fura sí. Wọ́n á ní ó ń parọ́, tàbí ẹ̀rù ń bà á, tàbí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ ẹ́ lógún. Olùkọ́ ń ka ojú yín bẹ́ẹ̀, dókítà ń kà á bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní pápákọ̀ òfuurufú náà ń kà á bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé:

1. Nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ wo ojú ẹni náà títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.
2. Bí ẹ bá fẹ́ ronú, ẹ lè gbójú sápá kan fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Àwọn náà ń ṣe é. Ilẹ̀ ni kí ẹ má gbé e sí.
3. Bí ẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, ẹ dá ojú yín padà sójú rẹ̀.
4. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹni tó béèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ wá pín ojú yín yí ká, kí ẹ sì parí ọ̀rọ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè.
5. Bí wíwo ẹyin ojú bá ṣòro fún yín, ẹ wo agbede méjì ojú rẹ̀, lókè imú. Ẹni tó jókòó síwájú yín kò lè mọ̀.
6. Ẹ fi ẹgbẹ́ yín dánra wò ní alẹ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n kan tó lóye pé kó jókòó gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ó ti mọ́ yín lára, torí ìwájú àgbà ni ojú ti ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìkìlọ̀. Wíwò yàtọ̀ sí títẹjúmọ́ni. Ẹni tí kò ṣẹ́jú rárá ń halẹ̀ ni, ní London àti ní Ìbàdàn. Ẹ má sì gbé ojú London lọ sí Jàpáànù, níbi tí ojú tó rọ̀ tó sì ń wálẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà ti bá ìwà ọmọlúàbí mu, bíi tiwa gan-an. Ẹ má gbé e padà wá síwájú bàbá ìyàwó yín ní Ọ̀ṣogbo náà.

## Kíkí: ta la ń kúnlẹ̀ fún, ta la ń bọ̀ lọ́wọ́?

Ìyá mi wá kí wa ní ọdún tí a bí àbíkẹ́yìn wa, a sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà torí orúnkún wọn. Ọmọkùnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún ni dókítà náà. Ó wo àwòrán tí wọ́n yà, ó ní kò sídìí tí àwọn fi máa ṣiṣẹ́ abẹ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n di apá àga mú, wọ́n sì rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún dídùn yẹn láti dúpẹ́. Dókítà rò pé ẹsẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ wọn. Ó fò dìde, ó kì wọ́n lábẹ́ abíyá méjèèjì, ó sì ń pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ìyá mi ń sọ pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ ó jèrè ọmọ o," dókítà ń ní kí wọ́n gbé àga aláìsàn wá.

Mo sọ gbólóhùn kan péré: "Ìdúpẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dúpẹ́ oore ńlá." Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orí tirẹ̀ fi wálẹ̀ ju ti ìyá mi lọ, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, ó ní òun gbọ́. Gbólóhùn kan yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tó ń mú òbí yín rìnrìn àjò fi sẹ́nu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ìbọwọ́ lásán tó níbi iṣẹ́:

1. Ẹ dìde dúró ṣánṣán.
2. Bí wọ́n bá na ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gba àtẹ́lẹwọ́ náà tán, kì í ṣe orí ìka nìkan. Ọwọ́ tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, àìdára-ẹni-lójú ni wọ́n ń kà á sí.
3. Ẹ mì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dárúkọ yín, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.
4. Fífi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú bí ẹ ti ń tẹ̀ba kì í ṣe èébú níbẹ̀, wọn kò kàn mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni.

Bí àgbà Yorùbá bá wà nínú yàrá kan náà, ẹ kúnlẹ̀ fún un, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sí òfin tó ní kí ẹ yan ọ̀kan. Èyí tó ń bí mi nínú ni ọmọ tó ti òkè òkun dé tó ń na ọwọ́ gbọọrọ sí bàbá tó bí bàbá rẹ̀.

Ibòmíràn ní tirẹ̀. Ní Jàpáànù, ìbàdí ni wọ́n ti ń tẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n sì fi ń gba káàdì iṣẹ́. Ní Íńdíà, ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, ara á tù yín níbẹ̀. Bí ẹ bá pàdé Mùsùlùmí tí kì í bọ ọkùnrin tàbí obìnrin tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, ẹ tẹrí ba. Ní Bràsíl, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi ko ẹ̀rẹ̀kẹ́: lẹ́ẹ̀kan ní São Paulo, lẹ́ẹ̀mejì ní Rio. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ìlú bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí Salvador ní Bahia, ní Bràsíl náà, ẹ gbọ́ tiyín. Nílé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tiwọn, wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀, "dobale" náà ni wọ́n sì ń pè é. Yíyíká tiwa, tí obìnrin fi ń yí sápá méjèèjì nílẹ̀ láti kíni, ni wọ́n ń pè ní "iká". Ṣùgbọ́n òrìṣà tó ni orí ẹni ni wọ́n ń wò, wọn kì í wò ó bóyá ọkùnrin ni ẹni náà tàbí obìnrin. Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ Ọ̀ṣun á yíká, obìnrin tó jẹ́ ọmọ Ṣàngó á nà gbalaja. Àwọn olórìṣà Kúbà náà ń tẹ̀lé irú ìlànà yìí, "moforibale" ni wọ́n ń pe ìkíni náà. Ẹ má torí pé ẹ ti Ọ̀yọ́ wá, kí ẹ wá máa tún wọn ṣe níbẹ̀.

## Ọwọ́ àti ìka

Àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márùn-ún. Ọwọ́ tí a ń là síni lójú, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní wàká, èébú náà ló jẹ́ ní Gíríìsì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ sọ pé "márùn-ún" fún ọlọ́jà níbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ kọ sí i. Ẹ má sì tẹ ọwọ́ síwájú ojú ẹnikẹ́ni láti dá a dúró.

Ìka méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, bí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú síta, ìṣẹ́gun tàbí àlàáfíà ni. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ bá kọjú síta, èébú burúkú ni. Ní 1992, George H. W. Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ ṣe é látinú ọkọ̀ rẹ̀ ní Canberra, àlàáfíà ló rò pé òun ń kí wọn. Ẹ ṣọ́ra pàápàá nígbà tí ẹ bá ń béèrè ife bíà méjì tàbí tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Àtàǹpàkò sókè. Lọ́dọ̀ wa lónìí, "ó dáa" ni. Ní Ìráànì, èébú àtijọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ń lò ó bíi tiwa. Ẹ má sì fojú kékeré wo èyí tó wà lórí fóònù. Ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà dájọ́ pé àwòrán àtàǹpàkò tí àgbẹ̀ kan fi dáhùn ìwé àdéhùn lórí fóònù rẹ̀ jẹ́ ìfọwọ́sí. Ó ní "mo ti rí i" ni òun ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní kó san lé ní 82,000 dọ́là Kánádà.

Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tó ṣe roboto. Amẹ́ríkà: "ó pé". Jàpáànù: owó. Faransé: òfo, kò níye lórí. Bràsíl àti Tọ́kì: èébú. Èmi kì í lò ó níbì kankan mọ́.

Ìwo. Ìka ìlábẹ̀ àti ọmọ-ìka sókè, ìyókù nílẹ̀. Ní Texas, àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Texas ló ń fi kí ara wọn. Nígbà tí George W. Bush, ọmọ Bush tí mo sọ lókè, ṣe é níbi ayẹyẹ ìbúra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní 2005, àwọn ará Nọ́wè tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rò pé Èṣù tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú Bíbélì ló ń kí. Ní Ítálì, ẹni tí wọ́n bá ṣe é sí ni wọ́n ń sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ ń yan àlè.

Orí ìka tí a pa pọ̀. Ní Ítálì, "kí lò ń wí gan-an?" Ní Íjíbítì, "ní sùúrù, mò ń bọ̀." Ẹ lè rí i pé ẹni tó ń bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ lè dà bí ẹni tó ń bá yín jà.

Ọwọ́ òsì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ nílò láti mọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jọ tiwa: Gánà, Íńdíà, ilẹ̀ Lárúbáwá. Níbẹ̀, ẹ fún ni, ẹ gbà, kí ẹ sì jẹun pẹ̀lú ọ̀tún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wọn kò kà á sí. Ọmọ òyìnbó tó fi òsì na ṣéńjì sí yín kò bú yín.

Pípe èèyàn. "Ṣíììì" tàbí "psst" tí a fi ń pe ẹni tó ń ta ọjà, bí ọkùnrin bá ṣe é sí obìnrin ní London, ìyọlẹ́nu ni. Títa ìka sí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá náà, ìwọ̀sí ni. Ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ní Philippines, fífi ìka kan pe èèyàn dà bí ẹni ń pe ajá. Ní Jàpáànù, bí wọ́n bá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka gbálẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń pè yín ni, bíi tiwa. Òyìnbó máa ń rò pé wọ́n ní kí òun máa lọ.

## Fún ẹ̀yin tó ń kó ọjà ní Guangzhou

Láti oókan dé àárùn-ún, ìka tí wọ́n ń lò kò yàtọ̀ sí tiwa. Láti ẹẹ́fà dé ẹẹ́sàn-án, ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò; ẹẹ́wàá nìkan ni wọ́n lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe:

- Ẹẹ́fà: àtàǹpàkò àti ọmọ-ìka nà síta, mẹ́ta àárín ká.
- Èèje: orí àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín pàdé.
- Ẹẹ́jọ: àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nà bí ìbọn.
- Ẹẹ́sàn-án: ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja.
- Ẹẹ́wàá: ìka ìlábẹ̀ méjèèjì dábùú ara wọn, tàbí ọwọ́ dì.

Ẹẹ́jọ ló ń kó wa sí gbèsè, torí méjì ló jọ lójú wa. (Ní Jámánì, méjì gan-an ni, torí àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà.) Nítorí náà: ẹ wo ọwọ́, ẹ sọ iye tí ẹ rò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ọlọ́jà, kí ó mi orí kí owó tó jáde.

## Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ yín dúró ní Amẹ́ríkà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn òbí yín. Nílé, ọ̀wọ̀ ni kéèyàn sọ̀ kalẹ̀, kó súnmọ́ ọlọ́pàá, kó tẹ̀ba, kó fi ọwọ́ pa ọwọ́ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi." Ní Amẹ́ríkà, ìbọn ni ọlọ́pàá ń bẹ̀rù. Ọwọ́ tí kò rí, àti ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láì jẹ́ pé ó pè é, ewu ló kà wọ́n sí.

1. Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ tan iná inú ọkọ̀.
2. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ àfi tó bá ní kí ẹ sọ̀.
3. Ẹ sọ gíláàsì wálẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí sítíárì, kí ìka hàn. Kí ẹni tó jókòó tì yín náà gbé ọwọ́ síbi tó hàn.
4. Ẹ má ki ọwọ́ bọ àpò wá ìwé ṣáájú. Ẹ dúró kó béèrè.
5. Ẹ sọ ibi tí ìwé wà: "Ó wà nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Ṣé kí n mú un?" Ẹ dúró gba èsì. Ẹ rọra mú un.
6. Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan apá rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ni kí ẹ fi bẹ̀bẹ̀.

## Orí, ẹsẹ̀, àti ìfarakanra

Ní Bùlgáríà, mímì orí sọ́tùn-ún sósì ni "bẹ́ẹ̀ ni", gbígbé e sókè ni "rárá". Ẹ má fi orí dáhùn níbẹ̀, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ní Íńdíà, orí tó ń yí díẹ̀ sápá méjèèjì lè jẹ́ "mo gbọ́" láì jẹ́ "mo gbà", nítorí náà ẹ tún béèrè.

Ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ẹ má ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín wá kọjú sí ẹlòmíràn. Bàtà ni oníròyìn kan jù sí George W. Bush ní Baghdad ní oṣù Kejìlá 2008, gbogbo ará Iraq tó rí i ló mọ ìwọ̀n èébú tó wà níbẹ̀. Ní Táílándì, orí ló ga jù, ẹsẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù: ẹ má fọwọ́ pa ọmọ ọlọ́mọ lórí, ẹ má fi ẹsẹ̀ júwe nǹkan.

Ọkùnrin méjì tó di ara wọn lọ́wọ́ mú rìn lọ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ní London, olólùfẹ́ ni wọ́n máa pè wọ́n. Nígbà tí George W. Bush àti Ọmọba Abdullah ti Saudí Arébíà di ara wọn lọ́wọ́ mú ní Texas ní 2005, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ títí, àwọn ará Saudí kò rí nǹkan tuntun níbẹ̀.

## Bí ẹ bá ti ṣi ara yín sọ

1. Ẹ dáwọ́ ohun tí ẹ ń ṣe dúró. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wa tí a fi ń bo ìtìjú ń dà bí ìfiniṣẹ̀sín lójú wọn.
2. Ẹ sọ ọ́: "Ọ̀wọ̀ ni èyí níbi tí mo ti wá. Kí ló jẹ́ níbí?"
3. Ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀bẹ̀ àbẹ̀ẹ̀bẹ̀tán tiwa ń mú kí ara wọn má balẹ̀.
4. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ṣe nílé.

Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí àwọn ló bá ṣẹ̀ yín. Kí inú tó bí yín, ẹ béèrè.

## Ẹ yẹ ara yín wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

- Mo mọ ibi tí ojú mi máa wà bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè.
- Mo mọ ẹni tí mo máa bọ̀ lọ́wọ́, àti ẹni tí mo máa kúnlẹ̀ fún.
- Mo ti mọ àmì ọwọ́ kan tí mi ò gbọdọ̀ ṣe níbi tí mò ń lọ.
- Gbólóhùn àlàyé mi wà lẹ́nu mi.
- Bí ohunkóhun ò bá dá mi lójú: ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ̀rín díẹ̀, kí n wo ohun tí onílé ṣe kí n tó ṣe tèmi.

## Fún ẹ̀yin tó bímọ síbẹ̀

Ojú méjì ni kí ẹ fi kọ́ ọmọ láti kékeré, kí ẹ sì fún wọn lórúkọ: ojú ilé àti ojú ilé ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rin lóye rẹ̀ bó ṣe lóye pé bàtà ilé yàtọ̀ sí bàtà ìta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ẹ rí olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé bí ọmọ yìí bá gbójú sílẹ̀ nígbà ìbáwí, kì í ṣe pé ó ń parọ́.

Bí ẹ bá ń mú wọn bọ̀ wálé, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú dánra wò lójoojúmọ́: ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún nídìí oúnjẹ, ọwọ́ méjèèjì láti gba ẹ̀bùn. Kí ẹ sì pe bàbá àgbà àti ìyá àgbà lórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọmọ náà bá ń wo ojú wọn tààrà nígbà tí wọ́n bá ń bá a wí, ó ń fetí sílẹ̀ ni.